Ta Ló Tún Mọ Ibi Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà? Àgbéyẹ̀wò Bí Iléeṣẹ́ Ṣe Ń Dúró Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Abùjá. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde rẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni ẹni tó ní iléeṣẹ́ rí láti palẹ̀ mọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè ìjìnlẹ̀. Ta ló lè san owó oṣù bí akápò kò bá lè jáde nílé? Ta ló tún mọ páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà? Kọ́kọ́rọ́ ibi tí a kó ọjà sí, ọwọ́ ta ló wà, àdúgbò wo sì ni onítọ̀hún ń gbé?

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ni àwọn àgbà wí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń di "àgbọ́tẹ́lẹ̀" mú nínú òwe yìí, a sì máa ń fo "tó bá gbọ́n" dá. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa kòrónà tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ni ìròyìn ìlú Wuhan ti gba orí rédíò. Síbẹ̀, gbígbọ́ nìkan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí mo ṣe wo ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1918 títí di àsìkò tiwa, ohun kan ló ń padà wá sójú mi: ìwé ètò nìkan kì í gba iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Ohun tó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára kí àrùn tó dé ni wọ́n máa ń rí lò nígbà tó bá dé.

Lúkúlúkú ọdún 1918

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní S.S. Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ó gbé àrùn ọ̀fìnkìn líle tó ti ń ja gbogbo ayé nígbà náà wọlé. Lúkúlúkú ni àwọn baba wa pe àrùn náà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù wá sí èbúté ló bá a gbéra padà sí inú ilẹ̀. Kí ó tó rọlẹ̀, àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 250,000 èèyàn ló bá a lọ nínú nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó ń gbé gúúsù Nàìjíríà.

Ìjọba amúnisìn ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, ó sì ń rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kiri ojúlé láti wá aláìsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn ìyàsọ́tọ̀ ba àwọn ará Èkó, wọ́n ń gbé aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àrùn náà dé ibi tí kò tíì dé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ní òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà: ẹni tó bá ń bẹ̀rù ohun tí ọ̀gá máa fi òun ṣe kò ní sọ fún ọ̀gá pé ara òun kò yá. A óò tún pàdé ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò lúkúlúkú yẹn. Àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan, tí Joseph Shadare wà lára aṣáájú wọn, kó ara wọn jọ sí àwùjọ àdúrà kékeré kan. Àwùjọ náà ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tí ìtàn Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì kò ṣeé sọ láì dárúkọ rẹ̀. Àwùjọ kékeré tí wọ́n mọ ara wọn, tí kò so gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ilé ńlá kan, kò ṣòro gbé dúró nígbà tí wọ́n bá ti ilé ńlá náà pa. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́, nígbà tí ilé ìjọsìn Èkó wà ní títì láti oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020. Àwọn tó ti ní ìpàdé ilé sí ilé tẹ́lẹ̀ mọ ẹni tí ebi ń pa nínú ọmọ ìjọ wọn. Àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń rí ara wọn kò ní ibi tí wọ́n máa ti mọ̀.

Ọ́báléndé, ọdún 2014

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà láti Liberia, ara rẹ̀ kò yá rárá. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò náà, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Ọ́báléndé ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ó ju ibà lọ, ó sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Ebola fún un.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní yàrá aláìsàn yẹn. Ilé ìwòsàn náà kì í ṣe ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀ tó ti rí Ebola rí, nítorí kò wọ Nàìjíríà rí. Èèyàn ìjọba ni aláìsàn náà, ìpàdé ló bá wá, àwọn aláṣẹ ìlú rẹ̀ sì ń fúngun mọ́ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Adadevoh kọ̀, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn náà sì dúró tì í. Òun àti àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹ̀mí wọn dí i. Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ ni ó jáde láyé. Nígbàkígbà tí mo bá ka ètò iléeṣẹ́ kan lórí àjàkálẹ̀ àrùn, yàrá yẹn ni mo máa ń rántí, n óò sì wò ó bóyá ẹnì kan wà nínú ìwé náà tó ní àṣẹ láti sọ pé "rárá", tí ọ̀gá kò sì ní yí i dà nítorí owó tàbí nítorí ojú ẹni ńlá. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ewé tó kù nínú ìwé náà kò níye lórí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá kọ́ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 2012 ni Nàìjíríà ti ní ibùdó pàjáwìrì tó ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ bí a ṣe ń tọpa èèyàn láti ojúlé dé ojúlé, bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti bí a ṣe ń jíhìn lójoojúmọ́. Nígbà tí Ebola dé, wọn kò dá ibùdó tuntun sílẹ̀ láti orí òfo. Wọ́n mú Dókítà Faisal Shuaib àti àwọn mìíràn níbi iṣẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n wá fi ọgbọ́n kan náà ṣe èyí. Wọ́n tọpa èèyàn 894 tó fara kan aláìsàn, wọ́n sì ṣe nǹkan bí ìbẹ̀wò 18,500 sí ilé wọn láti wò ó bóyá ara wọn gbóná. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ bí Èkó ṣe pọ̀ tó mọ ohun tí à bá máa sọ báyìí ká ní wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀nà yìí kan náà wà ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú ibà Lassa ní ọdọọdún. Ilé ìwòsàn tí ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ní bí a ṣe ń wọ aṣọ ààbò àti bí a ṣe ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ka ìwé sí i létí nígbà tí kòrónà dé. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibùdó ìwádìí ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, ti ń ka àbùdá kòkòrò Lassa àti Ebola fún ọdún mélòó kan. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wọn láti ka àbùdá kòkòrò kòrónà láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kí ibòmíràn ní Áfíríkà tó kà á.

Ìwé tó sùn sínú àpótí

Ẹ wá jẹ́ ká wo òdìkejì. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ to àwọn orílẹ̀-èdè ayé lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe múra sílẹ̀ de àjàkálẹ̀ àrùn tó. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìn-ín-ní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìkejì. Ohun tí ojú àwọn méjèèjì rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò fara sin.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàìní ìwé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ìjọba wọn ṣe ìdánrawò ńlá kan tí wọ́n pè ní Exercise Cygnus: wọ́n ṣe bí ẹni pé àrùn ọ̀fìnkìn líle ti wọlé, wọ́n sì wò ó bóyá ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú arúgbó àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lè gbé e. Àbọ̀ ìdánrawò náà sọ gbangba pé ìmúrasílẹ̀ wọn kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni wọn kò mú ṣe. Nígbà tí kòrónà dé, àwọn nọ́ọ̀sì kan ń fi ọ̀rá ìdalẹ̀nù ṣe aṣọ ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ló ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tàbí nílé arúgbó níbẹ̀, tí òbí rẹ̀ kò sùn ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta títí yóò fi pè. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí kòrónà tí Baroness Hallett jẹ́ alága rẹ̀ sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ pé àjàkálẹ̀ tí kì í ṣe èyí tó dé ni wọ́n múra dè: ọ̀fìnkìn líle nìkan ló wà lọ́kàn wọn.

Ní Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní H-E-B ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Láti ọdún 2005, nígbà tí àrùn àwọn adìẹ ń dẹ́rù ba ayé, ni wọ́n ti ní ètò fún àjàkálẹ̀ àrùn. Wọ́n mú un lò ní ọdún 2009 nígbà ọ̀fìnkìn H1N1, wọ́n sì tún un ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé ọ̀rọ̀ China ni, wọ́n ti ń pe àwọn tó ń ta oúnjẹ ní China láti bi wọ́n léèrè: kí ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rà tán? Ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù? Nígbà tí àrùn náà dé Texas, wọ́n ti mọ ọjà tí wọ́n máa fi ìwọ̀n sí, wọ́n dín wákàtí títà kù kí òṣìṣẹ́ lè sinmi kí wọ́n sì to ọjà, wọ́n sì fi owó kún owó òṣìṣẹ́. Ìwé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń lò ó lọ́dún 2020 ti lò ó rí.

Bí ọ̀gá bá dùbúlẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa kì í fẹ́ gbọ́ nìyí, torí ó dà bí èpè létí wọn. Àrùn kì í wo ipò. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé òun ti kó kòrónà. Òun gan-an ló ń darí ìgbìmọ̀ tó ń bá àrùn náà jà. Kíá ló fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́pẹ́ Alonge, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn UCH rí, sí ipò náà, iṣẹ́ sì ń lọ. Ní oṣù Keje, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti Èkìtì náà kó o, ó sì kéde pé igbákejì òun ni yóò máa ṣe àwọn iṣẹ́ pàtàkì. Ní Abùjá, Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ààrẹ, kú ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin. Ó di ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó kéde Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari sí ipò rẹ̀.

Ẹ wo bí àyè ṣe jìnnà sí ara wọn. Ibì kan, ọjọ́ kan. Ibòmíràn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ní kí iṣẹ́ pàtàkì kọ̀ọ̀kan ní ẹni mẹ́ta: ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó lè gbà á lọ́jọ́ kan náà, àti ẹni tó lè gbà á bí àwọn méjèèjì bá dùbúlẹ̀. Kì í ṣe pé kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lásán. Kí ẹnì kejì ti ṣe é rí, kí ẹnì kẹta náà ti ṣe é rí.

Ọgbọ́n kejì wá láti Hong Kong lásìkò àrùn SARS ọdún 2003. Àwọn báǹkì ibẹ̀ pín òṣìṣẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì tí kì í pàdé: bí apá kan bá kó àrùn, apá kejì á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n yìí kò ná èèyàn lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìkóra-ẹni-níjàánu. Bí àwọn méjèèjì bá ń jẹun pa pọ̀ lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan náà lọ́sàn-án, asán ni.

Iṣẹ́ tó ṣeé gbé lọ sílé àti èyí tí kò ṣeé gbé

Ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó ti ń ta ìpín lórí kọ̀ǹpútà láti ọdún 1999. Nígbà tí wọ́n ti gbọ̀ngàn rẹ̀ pa lọ́dún 2020, àwọn alágbàtà ń ta, wọ́n ń rà láti ilé wọn, ọjà kò sì dáwọ́ dúró. Ogún ọdún ìmúra ló wà nídìí ohun tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ilé ẹjọ́ kò ní irú ogún ọdún bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kan ní Ìkẹjà dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí Zoom. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn bínú gidigidi, ẹ̀rí ọkàn ẹni tó bá rò ó dáadáa kò sì lè ṣàì gbọ̀n. Ní oṣù Keje, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìgbẹ́jọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tako òfin ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ òfin ti yanjú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù fún gbogbo iléeṣẹ́: nínú iṣẹ́ wa, èwo ni ẹ̀rọ lè gbé, èwo sì ni ó yẹ kí ojú kan ojú kí a tó ṣe é?

Ní ti ẹ̀kọ́, àwọn yunifásítì aládàáni kan gbé kíláàsì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Yunifásítì ìjọba wà ní títì, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta sì gbà wọ́n dé oṣù Kejìlá. Àjàkálẹ̀ kì í dúró de kí ìjà inú ilé parí. Ìjà tí a kò bá yanjú nígbà ìrọ̀rùn ló máa ń bá wa nílẹ̀. Bákan náà, ẹni tí wọ́n ní kó lọ ṣiṣẹ́ láti ilé ló ń ra dátà, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní títì sì ń ké sí i. Iléeṣẹ́ tó bá kọ "ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé" sínú ètò rẹ̀ láì kọ ẹni tó máa sanwó iná ti gbé ẹrù rẹ̀ ka orí òṣìṣẹ́ ni.

Owó oṣù àti òtítọ́

Mo ṣèlérí pé a óò padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé nǹkan bí òṣìṣẹ́ 30 nínú iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ti kó kòrónà. Àrùn náà kì í pẹ́ tàn ká níbi tí àwọn èèyàn bá ti jókòó sún mọ́ ara wọn nínú yàrá kan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sọ pé "ara mi kò yá" ni olùgbàlà iléeṣẹ́. Ṣé á sọ ọ́? Bí wọ́n bá máa gé owó rẹ̀, tàbí tó bá rò pé wọ́n máa fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, á gbé oògùn ara ríro mì, á sì wá síbi iṣẹ́. Lúkúlúkú 1918 náà ló tún dé yẹn. Owó ìsinmi àìsàn, nínú ètò àjàkálẹ̀ àrùn, ṣe pàtàkì ju ìbòmú lọ, nítorí òun ló ń jẹ́ kí òtítọ́ jáde lákòókò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kùnà lórí ìmúrasílẹ̀, ṣe dáadáa níhìn-ín: ìjọba san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn dúró, títí dé £2,500 lóṣù, láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí dé òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ní Nàìjíríà, báǹkì àpapọ̀ gbé ẹ̀yáwó 50 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀ fún ìdílé àti òwò kéékèèké, ó sì ní kí àwọn báǹkì má ṣe lé òṣìṣẹ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ tún dá owó ìrànwọ́ 75 bílíọ̀nù sílẹ̀, tí apá kan rẹ̀ ń san owó àwọn òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò kárí. Nínú ìwádìí tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí fóònù nígbà kónílé-ó-gbélé, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló sọ pé àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí kòrónà. Ẹni tó bá ní iléeṣẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ owó sí ọwọ́ ìjọba nìkan.

Iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ti àwọn ilé ńlá nìkan, ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan, irú èyí tó wà ní gbogbo àdúgbò, tó ní òṣìṣẹ́ méjìlá. Kí ni yóò ṣe lónìí, nígbà tí kò sí àrùn kankan nílùú?

Kí ó kọ́kọ́ mú ohun tí kò gbọdọ̀ dúró. Búrẹ́dì lásán ni. Kéèkì, míìtì páì àti ohun ayẹyẹ lè sinmi. Lẹ́yìn náà, kí ó ka iṣẹ́ tó wà nídìí búrẹ́dì: ẹni tó ń po fúláwà, ẹni tó ń wo ààrò, ẹni tó ń kó o sí ọ̀rá, ẹni tó ń kà á fún àwọn ìyá tó ń gbé e lọ ní ìdájí, ẹni tó ń gba owó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ ìwọ̀n yíìsì àti iyọ̀ lórí, ewu ti wà níbẹ̀. Kí ó máa fi ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan kọ́ ẹnì kejì títí búrẹ́dì ẹnì kejì yóò fi dára bí tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n náà sára ògiri.

Kí wọ́n wá pín àwọn méjìlá sí mẹ́fà mẹ́fà, ìdajì lóru, ìdajì lọ́sàn-án, kí wọ́n máa fi ìwé kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà jíṣẹ́ fún ara wọn láì pàdé. Bí ẹnì kan nínú mẹ́fà bá ṣàìsàn, àwọn mẹ́fà náà á jókòó sílé, àwọn yòókù á máa yan búrẹ́dì. Ìdajì búrẹ́dì ni àdúgbò yóò rí jẹ. Ìdajì sàn ju òfo lọ. Kí fúláwà má ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ṣoṣo wá. Kí ẹni méjì lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Kí wọ́n máa dá owó oṣù kan pamọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé nínú owó yẹn ni wọ́n á ti san ti ẹni tó bá ṣàìsàn. Lákòótán, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun báyìí báyìí ló máa jẹ́ kí ètò náà bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo wọn bá ti ń wúkọ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn.

Gbogbo ètò náà kò ju ewé ìwé méjì lọ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó nílò àrùn kó tó wúlò. Lọ́jọ́ tí ìyá ẹni tó ń po fúláwà bá kú ní Ṣakí, tó sì gbọ́dọ̀ lọ sìnkú, ètò yìí kan náà ni wọ́n á lò.

Ọjà ló kọ́ wa

Lọ́dún 2020, ìjọba Èkó gbà kí àwọn tó ń ta oúnjẹ máa tà lọ, ó sì gbé ọjà oúnjẹ lọ sí ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kí èrò má baà kó jọ. Nígbà tí òfin rọlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n pín ọjọ́ ọjà: oúnjẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, ọjà mìíràn ní àwọn ọjọ́ tó kù. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa ti ń fi ọjọ́ ṣe ọjà tẹ́lẹ̀, ọjà ọrọọrún tí gbogbo abúlé mọ ọjọ́ rẹ̀, kí ọjà abúlé kan má baà gba ti èkejì. Ìyálọ́jà wà, olórí ẹ̀ka ọjà kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tí ọ̀rọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà. Níbi tí wọ́n ti lo àwọn olórí wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tètè dé etí onísọ̀. Níbi tí ọlọ́pàá nìkan ti ń lé èèyàn, ọjà kàn sún lọ sí ojú títì ni.

Ìdánwò ọjọ́ kan

Àrùn mìíràn á dé. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìwé ètò kankan tó mọ̀ ọ́n; ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú ara rẹ̀ rí nìyẹn. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́, olórí ìjọ, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò ju èyí lọ. Ẹ mú ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí iṣẹ́ yín dúró lé jùlọ pé kó jókòó sílé, kó pa fóònù rẹ̀, owó rẹ̀ kò ní dín. Bí ẹ̀yin gan-an bá ni ẹni náà, ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó sílé. Kí àwọn tó kù ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo ohun tó bá dúró sílẹ̀: owó tí kò ṣeé san, ilẹ̀kùn tí kò ṣí, ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn.

Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ètò yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́.